Àtàǹpàkò Ẹnjiníà Tájù

Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́, torí bí ẹ bá lọ gbọ́ ọ lẹ́nu Afeez jórinjórin, á bu iyọ̀ sí i, á bu ata sí i, á sì ní mo bú bàbá mi ní gbangba. Mo bú u lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé òun ni.

Rùkáyátù ni mí. Ìyá Malik ni wọ́n ń pè mí, àwọn ará ṣọ́ọ̀bù ń pè mí ní Ọ̀gá Rùkà. Pánẹ́bítà ni mí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń na páànù mọ́tò tó ti rún ní ọgbà mẹ́káníìkì wa lẹ́yìn Agboju, obìnrin kan ṣoṣo láàárín àwọn ọkùnrin tí kò mọ̀ ju ariwo lọ. Iṣẹ́ mi máa ń dán. Bí mo bá ṣe ilẹ̀kùn mọ́tò fún ẹ, eṣinṣin tó bá bà lé e á yọ̀ ni. Inú mi kì í pẹ́ ru, ẹnu mi kì í sì í gbélé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ pé Rùkà ṣe iṣẹ́ jákujàku. Dídán yẹn gan-an ló fẹ́ kó mi sí wàhálà.

Ayé ti yí mọ́ wa lọ́wọ́ ni. Mọ́tò ìsinsìnyí, ike ni bọ́ńpà rẹ̀. Bó bá ti ya, wọ́n á lọ ra tòkunbọ̀ míì, wọn ò ní wá ọ̀dọ̀ pánẹ́bítà. Láti ìgbà ìtúnu ààwẹ̀, iṣẹ́ mẹ́ta péré ni mo rí ṣe. Àbúrò mi Sìlífátù tó ń ta bàtà lọ́jà Agboju ti ní kí n ti ṣọ́ọ̀bù pa, kí n wá bá òun jókòó. Èmi! Kí n máa bá ènìyàn wá bàtà ẹsẹ̀ kejì láti àárọ̀ dalẹ́! Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun, torí mo mọ̀ pé bí iṣẹ́ ò bá wọlé, ọdún yìí ò ní parí kí n tó lọ.

Ibi tí nǹkan dé nìyẹn tí Bọ̀dá Adéjùwọ́n fi wọlé tọ̀ mí wá. Tíṣà ni ní Festac, ènìyàn jẹ́jẹ́ tó máa ń nu bàtà rẹ̀ kó tó wọ ṣọ́ọ̀bù pánẹ́bítà. Ìjàpá tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ló fi ọkọ̀ míì wọ́ wá. Ìjàpá tí mo wí yìí, mọ́tò róbótó ayé ìgbà kan ni, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, tí bọ́ọ̀tù rẹ̀ wà níwájú. Ọdún 1983 ni wọ́n to eléyìí pọ̀, ní ilé iṣẹ́ mọ́tò tó wà lójú ọ̀nà Badagry nígbà náà, kò jìnnà sí wa rárá.

Ó ní òun wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn mọ́tò àtijọ́. Wọ́n fẹ́ pé jọ ní pápá kan ní Festac lọ́jọ́ Sátidé, ẹnì kan á sì wá yẹ mọ́tò kọ̀ọ̀kan wò, bóyá ó rí bó ṣe jáde nílé iṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní. Ìjàpá mẹ́fà míì wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń wá pánẹ́bítà.

"Ìyá Malik, bí tèmi bá yege, ọ̀dọ̀ yín ni mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń bọ̀," ó wí. "Bí kò bá yege, wọ́n á kó wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Lekki tí wọ́n ti ń tan ẹ́síì ṣiṣẹ́."

Mẹ́fà! Iṣẹ́ ọdún kan àbọ̀ nìyẹn. Lọ́kàn mi, mo ti sọ fún Sìlífátù pé ó dìgbóṣe, kó máa ta bàtà rẹ̀ lọ.

"Ṣùgbọ́n o, bó ṣe jáde nílé iṣẹ́ ni mo fẹ́ ẹ. Kò gbọdọ̀ dín, kò gbọdọ̀ lé." Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tún un sọ. Mo ní mo gbọ́. Mo gbọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún pánẹ́bítà Èkó, ohun kan ṣoṣo tó máa ń rò ni pé kí òun ṣe é kó dán.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Gbogbo ibi tí páànù méjì bá ti pàdé lára mọ́tò, àlàfo tín-ín-rín máa ń wà níbẹ̀. Bí omi bá gba ibẹ̀ wọlé, páànù á dógùn-ún. Ohun tí wọ́n fi ń dí i là ń pè ní sílà, ó ki bíi lẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń lẹ ìwé, bó bá sì gbẹ, kì í jẹ́ kí omi kọjá. Lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n tún máa ń lẹ pádì dúdú tí wọ́n fi ọ̀dà títì ṣe mọ́ páànù, kí inú mọ́tò má baà máa pariwo bí agolo òfìfo.

Mo ṣí bọ́ọ̀tù Ìjàpá yẹn, mo wo sílà tó wà lójú oríkèé páànù, mo pòṣé. Wúruwùru! Ibì kan ki, ibì kan fẹ́lẹ́, ìpẹ̀kun rẹ̀ ká kò bí ìrù ajá, ìlà kan tó ga sókè díẹ̀ sì là á láàárín gbọọrọ látòkè délẹ̀. Mo lọgun pé, "Afeez, wá wo iṣẹ́ ọ̀lẹ! Ọ̀lẹ wo ni wọ́n gbà síṣẹ́ tó pa sílà rádaràda báyìí? Ó dájú pé ó ń tòògbé lọ́wọ́ ni!"

Afeez, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, yọjú wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá Rùkà, bóyá ebi ló ń pa á." Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí o, torí Afeez ò gbàgbé ẹ̀.

Níbí, ká tó tún mọ́tò ṣe, a máa ń ha gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀ dànù ni títí páànù á fi hàn síta. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá mi kọ́ mi, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ àwọn ẹlòmíì. Mo ha sílà dànù, mo ha pádì ọ̀dà dànù. Mo pa sílà tuntun, mo fi ìka tó lómi nu ún. Nígbà tó gbẹ, mo fi bọ́dì fílà, ìyẹn ohun tí a fi ń dí ibi tó jìn lára páànù, tẹ́ ẹ, mo fi sáńpépà ha á, títí ojú oríkèé náà fi pòórá. Mo lọ ra pádì aláwọ̀ fàdákà ní Mile 2, mo lẹ̀ ẹ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn, inú mọ́tò ń kọ mọ̀nà bí àwo ìyàwó tuntun. Inú mi dùn débi pé mo ya fọ́tò rẹ̀, mo gbé e sórí WhatsApp.

Lọ́jọ́ Àtàlátà ni Bọ̀dá Adéjùwọ́n wá wò ó. Ó ṣí bọ́ọ̀tù, ó la ẹnu sílẹ̀. Mo rò pé ẹwà ló gbà á lẹ́nu.

"Ìyá Malik, ó dára jù."

"Ẹ ṣeun, Bọ̀dá."

"Rárá. Mo ní ó dára jù. Kò yẹ kó dára tó báyìí." Ó fi ọwọ́ bo ojú. "Ilé iṣẹ́ ò ṣe é báyìí. Sílà yẹn yẹ kó hàn síta. Ẹnjiníà Fọláyan tó ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò, bọ́ọ̀tù ló kọ́kọ́ máa ń ṣí. Bí sílà ò bá ti rí bó ṣe yẹ, kì í wo ibòmíì mọ́."

Ara mi gbóná. "Ẹ dákun, ṣé wọ́n wá ń fìyà jẹ ènìyàn torí pé iṣẹ́ rẹ̀ dáa ni?"

"Ṣé ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kẹ́ ẹ tó ha á?"

Ìgbà tó dán ni mo ya fọ́tò rẹ̀. Ta ló ń ya fọ́tò wúruwùru? Mo ní kó lọ bi Ẹnjiníà Fọláyan bó ṣe yẹ kó rí. Ó ní kò ṣeé ṣe, pé bí ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ lọ bá tíṣà gba ìdáhùn ìdánwò ni. Ó jókòó sórí táyà, ó ń wo mọ́tò náà, ó ní, "Ìyá mi ló fi gbé mi lọ sílé ìwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́." Kò bú mi. Ì bá ṣe pé ó bú mi, ǹ bá ti fèsì, ara á sì tù mí.

Mo ha gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní ṣebí wúruwùru ni wọ́n fẹ́, kí ló le níbẹ̀? Mo pa sílà náà bí ẹni tí kò bìkítà. Ọwọ́ tí dídán ti mọ́ lára, ẹ mọ̀ pé kò lè ṣe wúruwùru o. Ibi tí mo ní kó wọ́, ó wọ́ lọ́gbọọgba. Nígbà tí Bọ̀dá Adéjùwọ́n tún dé lọ́sàn-án Àlàrùbá, ó mi orí. "Ó dà bí ẹni tí ò mutí tó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́," ó wí. Afeez bú sẹ́rìn-ín. Mo sọ òòlù sílẹ̀, mo gba ilé lọ, torí bí mo bá dúró, orí Afeez ni mo máa nà bíi páànù.

Ọ̀dọ̀ bàbá mi ni mo ń gbé, nínú kílóòsì kan tó yà lára Fourth Avenue. Bàbá ti pé ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Tájù lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo kílóòsì, tọmọdé tàgbà, Ẹnjiníà ni wọ́n ń pè é. Ilé iṣẹ́ mọ́tò ojú ọ̀nà Badagry yẹn náà ló ti ṣiṣẹ́. Láràárọ̀, ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí ìyá mi lọ̀ gbagidi ló ń wọ̀ jáde, pẹ̀lú báàgì aláwọ kan lọ́wọ́. Kí ló dé tí mi ò fi bi í léèrè látijọ́ yìí? Ọ̀fíìsì ló sọ pé òun wà. Ta ló ń bi ará ọ̀fíìsì léèrè sílà? Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìgbà tí mo ní iṣẹ́ pánẹ́bítà ni mo fẹ́ kọ́, oṣù kan gbáko ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà, a kì í sọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi nínú ilé.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Aásárì tán, ó jókòó sí fàráńdà, ó ń mu tíì. Mi ò tiẹ̀ kí i dáadáa kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Mo sọ ti mọ́tò, mo sọ ti Sátidé, mo sọ ti Ìjàpá mẹ́fà àti ti bàtà Sìlífátù. Mo wá ní, "Gbogbo rẹ̀, ọ̀lẹ tó pa sílà yẹn lọ́jọ́ kìíní ló fà á! Bí mo bá rí i lónìí, màá gbá a létí!"

Bàbá gbé kọ́ọ̀pù sílẹ̀. "Ọ̀lẹ kọ́, Rùkà," ó wí. "Ìṣẹ́jú méjì péré ni wọ́n ń fún wa."

"Wọ́n ń fún ta ni, Bàbá?"

Ó wọ yàrá lọ, ó gbé báàgì aláwọ yẹn jáde, ó sì tú u sórí àga. Ofaróòlù búlúù kan ló wà nínú rẹ̀, tó ti le, tí sílà gbígbẹ wà káàkiri àyà àti orúnkún rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo fi wà lọ́mọdé, mo rò pé ìwé ló wà nínú báàgì yẹn.

"Mi ò ṣe Ẹnjiníà rí," ó wí. "Ọdún méjìlá, iwájú Ìjàpá ni mo dúró sí, tí mò ń fi àtàǹpàkò pa sílà. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa ni ìyá ẹ sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀ ní Ìwó pé Ẹnjiníà lọkọ òun. Ojú rẹ̀ ń dán bó ṣe ń sọ ọ́. Mi ò lè já a nírọ́. Mo ní tó bá di ọ̀la, màá sọ ọ́. Ọ̀la ò dé mọ́."

Ó na àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ sí mi. Àpá kan là á láàárín, ó jìn wọnú bí ojú ọ̀nà omi. Láti kékeré ló ti ń sọ fún wa pé ẹ̀rọ táìpù ọ̀fíìsì ló gé òun.

"Táìpù kọ́?" mo bi í.

"Ilẹ̀kùn mọ́tò ni. Ní 1979."

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹkún ló gbọ̀n mí. Kì í ṣe torí irọ́ náà. Àánú rẹ̀ ló ṣe mí, pé gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ló fi ń tijú iṣẹ́ ọwọ́ tó fi bọ́ wa, tí èmi ọmọ rẹ̀ sì ń fi iṣẹ́ ọwọ́ tèmi yangàn káàkiri Agboju. Mo wá mọ ohun tó fa oṣù kan tí kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo ní, "Bàbá, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin ni mo pè lọ́lẹ."

"Ó dáa," ó wí. "Etí wo lo fẹ́ gbá, ọ̀tún tàbí òsì?"

Láàárọ̀ Àlàmísì, Bàbá tẹ̀ lé mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti báàgì rẹ̀. Ẹ̀yìn mọ́tò Afeez ló lọ fara pamọ́ sí kó tó wọ ofaróòlù. Ó wo inú Ìjàpá náà, ó wo pádì fàdákà mi, ó ní, "Ṣé fíríìjì lo fẹ́ fi ṣe ni?" Ó ní kí n ká gbogbo rẹ̀ kúrò. Pádì mẹ́rin péré ni wọ́n máa ń tẹ́, ó wí, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, igun kan á sì gé lára ọ̀kọ̀ọ̀kan kó lè yẹra fún ihò omi. Mo lọ ra ọ̀dà pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń bo òrùlé lọ́jà Agboju, ó gé e, a tẹ́ ẹ, a ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí oòrùn yọ́ ọ mọ́ páànù. Oòrùn Èkó ò bẹ̀bẹ̀, kó tó di ọ̀sán, ó ti lẹ̀ típẹ́.

Ó wá kan sílà. Bàbá bu ú sọ́wọ́ òsì, ó dúró síwájú bọ́ọ̀tù, ó sì kàn dúró bẹ́ẹ̀.

"Kí ló dé, Bàbá?"

"Fèrè dà? Mi ò lè bẹ̀rẹ̀ láìsí fèrè."

Fèrè ilé iṣẹ́ ló ń sọ, èyí tó máa ń dún bí mọ́tò tuntun bá dé iwájú wọn, tó sì tún máa ń dún lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì. Mo pe Afeez. Ó fi irin lu rímù mọ́tò, gbàǹgà! Ẹ̀rù ba èmi gan-an. Àtàǹpàkò Bàbá gba ojú oríkèé lọ wéré, ó bẹ̀rẹ̀ látòkè, ó yí igun, ó sọ̀ kalẹ̀, kò wẹ̀yìn, kò tún ibì kankan ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Mo na ìka láti bá a nu ìdí rẹ̀ kó lè dán díẹ̀, ó gbá mi lọ́wọ́. "Fi í sílẹ̀!" Afeez tún lu rímù. Bàbá fa ọwọ́ kúrò lójijì, ìpẹ̀kun sílà náà sì ká kò bí ìrù ajá.

Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó ki níbì kan, ó fẹ́lẹ́ níbòmíì, ìlà kan sì là á láàárín gbọọrọ látòkè délẹ̀. Mo rántí èyí tí mo ha dànù.

"Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó," Afeez wí, "òun ló wà nínú ṣòkòtò yìí. Bàbá, ṣé ẹ mọ ohun tí ọmọ yín sọ nípa yín níjọ́sí?"

"Ó ti sọ fún mi," Bàbá dáhùn. "Ebi náà sì ń pa mí nígbà náà, ìwọ lo tọ̀nà."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, a fi í sílẹ̀ kó gbẹ. Lọ́jọ́ Sátidé, èmi, Bàbá àti Afeez ti dé pápá kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Àwọn mọ́tò àtijọ́ tò lọ bẹẹrẹ, àwọn tó ni wọ́n ń fi áńkáṣíìfù nù wọ́n. Bàbá ti padà sínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, màá mọ̀ bóyá mo ní ṣọ́ọ̀bù tàbí bóyá bàtà ni mo fẹ́ máa tà.

Ẹnjiníà Fọláyan dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú pátákó tí ó há ìwé mọ́. Obìnrin ni, tó tó ẹni àádọ́ta ọdún, tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó ní kí a ṣí bọ́ọ̀tù. Ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó máa dìde, ẹ̀rín ti bò ó lójú.

"Ẹ ṣeun o, tẹ́ ò fọwọ́ kan ibí yìí," ó wí. "Gbogbo ènìyàn ló máa ń ha á dànù. Ṣé ẹ rí ìlà tó wà láàárín sílà yìí? Àwọn Ìjàpá tí wọ́n tò níbí láyé ìgbà yẹn nìkan ló ní in. Ẹ ò lè rí i lára ti òkè òkun. Ẹ̀rọ kan ni wọ́n ní, tó máa ń fa ìlà yìí. Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń wá ẹ̀rọ náà kiri. Òun ni mo fi ń mọ èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì tún ṣe."

Bíró rẹ̀ ti wà lórí ìwé. Bọ̀dá Adéjùwọ́n di ọwọ́ mi mú gírí. Mo rí Ìjàpá mẹ́fà tí wọ́n tò síwájú ṣọ́ọ̀bù mi, mo rí wọn kedere.

Bàbá wá wú ikọ́.

Mo mọ ikọ́ yẹn. Mo fa apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́." Bó bá sọ pé ọjọ́ Àlàmísì la pa á, ó parí nìyẹn. Ó wò mí. "Rùkà, ọjọ́ ìgbéyàwó ni mo ti dákẹ́," ó wí. Ó sì bọ́ síwájú.

"Màdáámú, ẹ̀rọ kọ́ o," ó wí, sókè, tí Afeez àti gbogbo àwọn tó ń nu mọ́tò fi yíjú. "Kò sí ẹ̀rọ kankan. Àtàǹpàkò ni. Sílà ni mò ń pa níbẹ̀, mi ò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ mi ti ha ti àtijọ́ dànù. Èmi ni mo tún eléyìí pa lọ́jọ́ Àlàmísì."

Bọ̀dá Adéjùwọ́n di ojú. Èmi ń ronú ibi tí mo máa jókòó sí ní ṣọ́ọ̀bù Sìlífátù.

Ẹnjiníà Fọláyan gbé pátákó rẹ̀ sílẹ̀. Ó di ọwọ́ Bàbá mú, ó wo àtàǹpàkò náà, ó fi ìka tẹ ojú àpá rẹ̀. Ó wá fa ọwọ́ náà sínú bọ́ọ̀tù jẹ́jẹ́, ó gbé àtàǹpàkò lé orí sílà. Ìlà wọ inú àpá, ó bá a mu rẹ́gí. Obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín yìí kúnlẹ̀ lórí koríko, pẹ̀lú ṣòkòtò funfun.

"Ẹ káàárọ̀ sà," ó wí. "Ẹ̀yin ni mo ti ń wá."

Ojú Bàbá kún fún omi. Èmi náà ń nu tèmi, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò tíì kúrò lórí ìwé yẹn. "Màdáámú," mo wí, "mọ́tò wa ńkọ́?"

Ó dìde, ó gbé pátákó rẹ̀, ó sì ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ sókè. "'Ṣé ọwọ́ ilé iṣẹ́ ló pa sílà yìí?'" Ó wo Bàbá, ó tún wo ìwé. "Ọwọ́ ilé iṣẹ́ ni. Wọn ò bi mí léèrè ọjọ́ tí ọwọ́ náà pa á." Ó sì fa máàkì síbẹ̀.

Igbe tí mo ké lọ́jọ́ náà, wọ́n ní wọ́n gbọ́ ọ dé Mile 2. Kílẹ̀ tó ṣú, àwọn onímọ́tò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti gba nọ́ńbà mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń bèèrè pé ṣé Bàbá alátàǹpàkò náà á wà níbẹ̀. Sìlífátù pè mí láti bá mi yọ̀. Mo ní kó fi bàtà méjì ránṣẹ́ sí mi, tèmi kan, ti Bàbá kan.

Ní ọjọ́ Àtìní, mo jí, mo rí Bàbá nínú pálọ̀. Ofaróòlù búlúù yẹn ló wọ̀, láti inú ilé. Kò mú báàgì dání. Ó ní kí n yára, ìṣẹ́jú méjì ló kù.

A jáde sí kílóòsì. Ní ẹnu ọ̀nà, Mọ̀nsúrát tó ń ta búrẹ́dì àti mílíìkì ti ń to ọjà rẹ̀. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge ló ti mọ bàbá mi. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹnjiníà, ẹ káàárọ̀ sà!"

Bàbá dúró. Mo rí i tó mí kanlẹ̀, tó ń fi àtàǹpàkò pa ara ofaróòlù náà. "Mọ̀nsúrát," ó wí, "mo fẹ́ kó o mọ nǹkan kan. Èmi kì í ṣe Ẹnjiníà. Mi ò ṣe é rí. Sílà ni mo fi àtàǹpàkò pa ní ilé iṣẹ́ yẹn fún ọdún méjìlá."

Mọ̀nsúrát wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

"Ó dáa, Bàbá," ó wí. "Ṣé búrẹ́dì kan náà ni, àbí ẹ máa mú méjì torí pé ẹ ń lọ síbi iṣẹ́?"

Bàbá wò mí, mo wò ó. Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ló fi gbé nǹkan yẹn sínú báàgì. Ó bú sẹ́rìn-ín débi pé ó fara ti ògiri, ó sì ra méjì.